Ibi Tí Iná Ti Lọ

Alẹ́ Sátidé ni, ní Yemẹtu.
Òjò ti dá, páànù ilé Àlàájà ṣì ń kán
tó, tó, sínú bàsíà.
Tìámíyù ló gbé fíìmù náà wá,
ó ní ogun gidi ni, kì í ṣe ti ọmọdé,
ó ní àwọn tó wò ó ní Mọ́kọ́lá sunkún.
A gbé tẹlifíṣọ̀n sórí maṣíìnì ìránṣọ ìyá wa,
a jókòó lórí ẹní.
Bọ̀ọ̀dá Láyíwọlá fa àga tirẹ̀ sẹ́yìn,
ó kẹ̀yìn sí ògiri, ó kọjú sí ilẹ̀kùn,
bó ṣe máa ń jókòó láti ọdún tó ti Láìbéríà dé.
Lálaalẹ́, kó tó sùn,
ẹ̀ẹ̀mẹta ló ń yẹ ìdábùú ilẹ̀kùn wò.

Ìbọn bẹ̀rẹ̀ sí í dún. A dì mọ́ ara wa.
Ọmọ ogun kan ṣubú, orin dìde lé e lórí,
ó rántí ìyá rẹ̀, ó rántí àfẹ́sọ́nà,
ó sọ̀rọ̀ títí ẹ̀mí fi bọ́.
Àṣàbí ti ń nu ojú.
Bọ̀ọ̀dá rẹ́rìn-ín,
ẹ̀rín ẹni tó gbọ́ irọ́ ọmọ ilé-ìwé:
"Bàtà wọn mọ́ jù.
Ẹ̀fọn dà? Ta ló ń ya ìgbẹ́ gbuuru nínú wọn?
Ẹni tí mo mọ̀ tó kú, gaàrí ló ń pò,
ó ní kí n bá òun wá ṣúgà.
Nígbà tí mo fi máa yíjú padà,
ṣúgà wà lọ́wọ́ mi."

Kò sẹ́ni tó fèsì.

Ìdajì fíìmù, ogun parí.
Èyí yà wá lẹ́nu: nínú ìdajì tó kù
ìbọn kankan kò dún mọ́.
Ọkùnrin kan dúró ní ṣọ́ọ̀bù, ó ń wo búrẹ́dì,
oríṣiríṣi búrẹ́dì, kò lè mú ọ̀kan.
Tìámíyù pòṣé: "Kí ló ń ṣe é? Ẹ sún un síwájú!"
Bọ̀ọ̀dá ní, "Fi sílẹ̀."
Ohùn yẹn. A ti gbọ́ ohùn yẹn rí,
lọ́jọ́ tí táyà mọ́tò bẹ́ lójú ọ̀nà Ọjẹ,
tó da ara bo ọmọ ọlọ́mọ nínú gọ́tà,
tí ìyá ọmọ ń pariwo pé wèrè ti gbé òun lọ́mọ.

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n.
Àlàáfíà tí ẹnikẹ́ni kò sọ tẹ́lẹ̀ ńkọ́?
Ogun ló tẹ ìlú yìí dó,
àgọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ pa sẹ́bàá ọ̀dàn.
A mọ oríkì ẹni tó lọ, a mọ ti ẹni tó ṣẹ́gun.
N kò tíì gbọ́ oríkì ẹni tó padà wálé
tí kò lè sùn lórí bẹ́ẹ̀dì.

Nínú fíìmù, ilẹ̀ ṣú.
Ọkùnrin náà dé ẹnu ọ̀nà ìyá rẹ̀, àpò léjìká.
Ó gbé ọwọ́ sókè kí ó kan ilẹ̀kùn,

iná lọ.

Gbogbo Yemẹtu hó lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́.
Tìámíyù gbọn kẹ́ẹ̀gì epo wò, kò sí nǹkan níbẹ̀.
Àṣàbí ní, "Ṣé wọ́n ṣílẹ̀kùn fún un ṣá?"
Láti ibi ògiri, nínú òkùnkùn:
"Kò kàn án.
Ó gbọ́ ikọ́ ìyá rẹ̀ nínú ilé, ó mọ̀ ọ́n,
ó gbé ọwọ́ wálẹ̀.
Ó lọ jókòó létí kànga títí ilẹ̀ fi mọ́,
nítorí ẹni tí ìyá yẹn ń retí
kọ́ ló dé."

Omi ń kán sínú bàsíà.
Ìyá wa wúkọ́ nínú yàrá. Lẹ́yìn náà, jẹ́jẹ́:
"Láyíwọlá,
òtútù mú lóru ọjọ́ náà.
Ta lo rò pé ó wá daṣọ bò ọ́?"

A gbọ́ tó dìde.
A gbọ́ ìdábùú ilẹ̀kùn, lẹ́ẹ̀kan,
lẹ́ẹ̀kejì.
A ń dúró de ẹ̀ẹ̀kẹta.